“Ìdílé ọba” kọ́ ni Chola

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìtàn Íńdíà fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ti bi wá léèrè bí a ṣe máa pe ogun tí àwọn Chola àti àwọn Chalukya ń bára wọn jà láti nǹkan bí ọdún 1000 títí kọjá 1100. Òun alára kọ “ogun láàárín ìdílé ọba méjì”. Ẹ̀gbọ́n kan fọwọ́ sí i lọ́gán. Èmi ò fọwọ́ sí i.

Mo ka gbólóhùn náà sí ìyá mi létí. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ta ni wọ́n wá fi oyè náà jẹ?” Wọn ò jẹ̀bi. Tí Yorùbá bá ti gbọ́ ìdílé ọba méjì, ìlú kan àti adé kan ṣoṣo ló ń wá sí i lọ́kàn: ilé yìí ní ó kàn wá, ilé kejì ní irọ́ ni, àwọn afọbajẹ pín sí méjì, ẹjọ́ di ti kóòtù. Bẹ́ẹ̀ Thanjavur, nílẹ̀ Tamil lápá gúúsù, ni àwọn Chola ti ń jọba, kí wọ́n tó tẹ olú-ìlú tuntun dó. Kalyani, lókè lọ́hùn-ún níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Kannada, ni ìtẹ́ àwọn Chalukya wà. Kálukú ló ní adé tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò bá ẹnikẹ́ni du oyè.

“Ìran ọba” ni mo fara mọ́. Àmọ́ ohun kan wà tó dán an wò, Vengi ló sì fà á. Ilẹ̀ ọlọ́ràá láàárín odò Krishna àti Godavari ni Vengi, òun gan-an sì ni egungun tí ajá méjì yìí ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ẹ̀ka Chalukya mìíràn ló ń jọba níbẹ̀. Rajaraja Kìíní, ọba Chola, fi ọmọ rẹ̀ Kundavai fún Vimaladitya ọba Vengi. Nígbà tí ọmọ tí wọ́n bí dàgbà, Rajendra Kìíní, ọmọ Rajaraja tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, tún fi Ammangai, ọmọ tirẹ̀, fún un. Ọmọ tí Ammangai wá bí, Kulottunga, ló gorí ìtẹ́ Chola ní 1070. Chalukya ni bàbá rẹ̀, Chola ni ìyá rẹ̀, Chola ni ìyá bàbá rẹ̀. (Ẹ mọ ariwo tó máa ń sọ nílùú wa bí ẹni tó ti ìdí obìnrin wá bá ní òun fẹ́ jọba.) Síbẹ̀ Chola ni wọ́n ń pe òun àtàwọn tó jọba tẹ̀ lé e. “Ìran” gbà bẹ́ẹ̀, torí a ní ìran bàbá, a sì ní ìran ìyá. “Ìdílé” ò gbà á wọ̀ bọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ bàbá ló máa ń fà sí.

Ẹ̀gbọ́n tún ní ká pe samanta, ìyẹn ọba kékeré tó ń sin ọba ńlá, ní ajẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, rárá. Àlejò ni ajẹ́lẹ̀: Ìbàdàn rán an lọ jókòó lé ìlú onílùú lórí, ìwà wọn sì wà lára ohun tó bí Èkìtì nínú tí ogun Kírìjì fi bẹ́ ní 1877. Samanta ò kúrò nílé bàbá rẹ̀. Ọba ni, wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀ lórí ìtẹ́, ó ń sìn, ó sì ń kó ọmọ ogun wá nígbà tí wọ́n bá pè é. Ọjọ́ tí ọwọ́ ọ̀gá bá rọ ni yóò yọjú. Dantidurga ti ìran Rashtrakuta ń sin àwọn Chalukya ìlú Badami kó tó gbàjọba mọ́ wọn lọ́wọ́ ní 753. Ní 973, Tailapa Kejì, ọmọ Chalukya, tó ń sin àwọn Rashtrakuta, ṣe é padà fún wọn. Ajẹ́lẹ̀ wo ló ń ṣe irú ìyẹn? “Ọba tó ń sìn” tó wa. Ẹ má sì pe ohun tó ń san ní ìṣákọ́lẹ̀. Ìyẹn wà fún ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti ogun Koppam. Ní 1054, Rajadhiraja ọba Chola gun erin lọ kojú Someshvara Kìíní, ọba Chalukya, níbẹ̀, orí erin náà ni wọ́n pa á sí. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti ń sá kí Rajendra Kejì, àbúrò rẹ̀, tó dá wọn padà, tó ṣẹ́gun, tí wọ́n sì dé e ládé lójú ogun níbẹ̀. Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta lẹ́yìn náà, orúkọ tí wọ́n ń pe òkú ọba ni “olúwa tó sùn lórí erin”. Sùn ni Tamil wí. Àbúrò wa wá túmọ̀ rẹ̀ sí “ọba tí wọ́n pa lórí erin”. Òótọ́ ni, àmọ́ ó tú àṣírí tí àwọn èèyàn rẹ̀ fi pamọ́. Àwa tí ọba wa kì í kú ló yẹ kó kọ́kọ́ yé. Ẹnì kan ní ká kọ “wàjà lórí erin”. Mo rẹ́rìn-ín, torí erin ò ní àjà. Ẹ jẹ́ kí “wàjà” wà nínú ìtàn, ká fi “Ọba-tó-sùn-sórí-erin” ṣe oríkì rẹ̀ bó ṣe wà.

Ó ku “Gangaikonda”, oríkì Rajendra Kìíní. “Konda” ni ẹni tó gbà. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ló lọ dé odò Ganga ní nǹkan bí ọdún 1023, tí wọ́n bu omi ibẹ̀ wá fún un, ó sì gbẹ́ adágún ńlá kan sí olú-ìlú tuntun tó tẹ̀ dó láti fi rántí rẹ̀. “Agba-Ganga” dà bí ẹni pé ó gbé odò náà wálé. “Apọn-Ganga” sọ kábíyèsí di apọnmi. Mo dá “Agbomi-Ganga” lábàá, àmọ́ mi ò bá ẹnikẹ́ni jà sí i.