Sìgá ńlá Cuba yìí ń ta mí lọ́fun

Ará Ìbarà: Ẹ kú ilé o. Àbúrò mi fi sìgá Cuba tí wọ́n fi ọwọ́ wé ránṣẹ́ sí mi. Ewé ìta rẹ̀ ń dán, ó rí minijọ̀jọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fà á, ikọ́ dé! Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?

Bàbá Ìtòkú: Ẹ má fà á wọ àyà! Ẹnu ni adùn rẹ̀ wà. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan ní bí ìṣẹ́jú kan. Tó bá gbóná jù, á korò. Ewé inú, ewé tó dì í, ewé ìta: mẹ́ta ni. Ẹ wo eérú rẹ̀. Tí wọ́n bá wé e dáadáa, kì í tètè já.

Ọmọ Kútọ̀: Ọyẹ́ yìí á gbẹ ẹ́ o. Afẹ́fẹ́ tí ọ̀rinrin rẹ̀ tó bíi 70% ló fẹ́.

Ìyá Ìbejì: Èéfín náà ṣì ni, ẹ̀yin ọkùnrin yìí!

Ará Ìbarà: Ẹ ṣé, Bàbá. Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ o.