Àbúrò mi ní àrùn Lyme: báwo ni mo ṣe lè mú kí àwọn ará ilé gbà pé ara rẹ̀ kò yá?

Ìyá Àdùkẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Mo kí gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin ni mo gbé wá síwájú yín. Ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà ló ń gbé, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún tó kọjá, ó fi àwòrán ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Nǹkan kan rí roboto níbẹ̀, ó fẹ̀ tó ìdérí ife, ó dúdú díẹ̀ ju ara yòókù lọ, kò yún un, kò sì dùn ún. Èmi gan-an ni mo sọ pé làpálàpá ni, tí mo ní kí ó máa fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́, kí ó sì fi òrí pa á. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó pòórá, a sì dúpẹ́.

Kí oṣù kẹjọ tó parí, orúnkún rẹ̀ ti wú, apá kan ojú rẹ̀ sì wọ́ débi pé bí ó bá mu omi, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ni omi ń gbà dà jáde. Àwọn dókítà ibẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní àrùn Lyme ni, tí eégbọn máa ń kó ran ènìyàn. Ó lo oògùn, ojú rẹ̀ padà sípò, ṣùgbọ́n títí di òní, bí ó bá gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ tán, ó ní láti jókòó sílẹ̀ kí ó tó lè ṣí ilẹ̀kùn.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará ilé. Àwọn kan ní ó ti ya ọ̀lẹ, nítorí pé owó tó máa ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù ti dínkù. Àwọn mìíràn ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, pé eégbọn tí gbogbo ajá àdúgbò ń gbé kiri kò lè sọ ènìyàn dà báyìí. Kí ni mo lè sọ fún wọn, kí ẹbí àti ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì lè dúró tì í?

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìyá Àdùkẹ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ làpálàpá yẹn jẹ ara yín níyà. Àmì àrùn Lyme ni nǹkan roboto yẹn, àwọn dókítà pàápàá sì máa ń ṣì í mú fún làpálàpá, àgàgà lára aláwọ̀ dúdú, nítorí pé ara òyìnbó, níbi tí ó ti máa ń pupa fòò, ni wọ́n sábà fi ń hàn án nínú ìwé. Lára tiwa ó lè dà bí ojú ibi tí ènìyàn ti fi ara gbá. Nínú 100 ènìyàn tó kó àrùn náà, bíi 70 sí 80 ni àmì yìí máa ń yọ sí lára, láàárín ọjọ́ 3 sí 30 lẹ́yìn tí eégbọn bá bù wọ́n jẹ.

Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ará ilé gbọ́, inú ìtàn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú kékeré kan ni Lyme, ní Connecticut tí àbúrò yín wà yìí gan-an. Ní nǹkan bí ọdún 1975, oríkèé ara àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í wú níbẹ̀. Ìyá kan tó ń jẹ́ Polly Murray, tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń ṣàìsàn tipẹ́, tí àwọn dókítà kò sì ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, kò dákẹ́. Ó ń pariwo títí àwọn oníṣègùn Yunifásítì Yale fi wá ṣe ìwádìí. Ọdún 1981 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Willy Burgdorfer, tó rí kòkòrò àrùn náà nínú ikùn eégbọn. Ẹ ò rí i pé àbúrò yín kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọn kò gbà gbọ́.

Eégbọn ọ̀hún kì í ṣe irú èyí tó wà lára ajá àti màlúù wa níhìn-ín. Ara eku inú igbó àti àgbọ̀nrín ló ń gbé, èyí tó kéré nínú wọn kò sì tó hóró yánmọtí, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kì í fi í mọ̀ pé ó bà lé àwọn. Ó sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ara ju ọjọ́ kan lọ kí ó tó kó àrùn sí ènìyàn lára. Àrùn náà kì í ti ara ẹnì kan ran ẹlòmíràn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rù àtijẹ àtimu pẹ̀lú rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹrù ní Pennsylvania

Ẹ̀yin Ìyá Àdùkẹ́, mo ka ọ̀rọ̀ yín, ọkàn mi sì gbọgbẹ́, nítorí pé àrùn yìí mú èmi náà. Àjọ CDC, tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, fojú bù ú pé nǹkan bí 476,000 ènìyàn ni wọ́n ń tọ́jú fún un lọ́dọọdún níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń gbádùn pátápátá lẹ́yìn oògùn, ṣùgbọ́n bíi 5 sí 10 nínú 100 ni àárẹ̀, ara ríro àti ìgbàgbé máa ń bá fínra fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ̀gbọ́n mi fi oògùn apakòkòrò tó rà ní kẹ́míìsì ránṣẹ́ sí mi láti ilé. Dókítà mi ní bí mo bá ti lo èyí tí wọ́n kọ fún mi tán, àlòtúnlò kò ní mú àárẹ̀ náà lọ, ó sì lè ṣe ara ní jàǹbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí i.

Ohun tó gbé mi ró ni obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tó ń wá ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Yóò gbé àmàlà àti gbẹ̀gìrì kalẹ̀, yóò fọ abọ́ tó wà nílẹ̀, yóò jókòó díẹ̀, yóò sì lọ. Bí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan bá wà nítòsí àbúrò yín, ẹ wá a kàn.

Bàbá Àkẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Mo gba gbogbo ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n kí Ìyá Àdùkẹ́ má ṣe bá àwọn tó ń fura sí ayé jà. Bí ẹ bá ní irọ́ ni wọ́n ń pa, wọn yóò yà kúrò lọ́dọ̀ ọmọ náà. Ẹ ní kí wọ́n máa gbàdúrà, kí ẹni tó ń gbàdúrà náà sì máa pè é lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìkejì, oṣù karùn-ún ni wọ́n yà sọ́tọ̀ ní Amẹ́ríkà fún ìlanilọ́yẹ̀ nípa àrùn yìí. Kí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wa kéde rẹ̀ fún ẹni tó bá ní ọmọ lọ́hùn-ún. Kẹrosíìnì ni a máa ń ta sí eégbọn níhìn-ín, tàbí kí a fi èékánná tẹ̀ ẹ́ pa. Kí àwọn ọmọ wa má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀mú kékeré ni kí wọ́n fi gbá a mú nítòsí awọ ara, kí wọ́n fà á jáde ní tààrà láì lọ́ ọ, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Bí ibà tàbí àmì kankan bá tẹ̀lé e, kí wọ́n tètè lọ rí dókítà.

Ìyá Àdùkẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣeun gan-an ni. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo fi àwòrán ẹ̀yìn orúnkún náà han àwọn ẹgbẹ́ wa, mo sì jẹ́wọ́ pé èmi ni mo pè é ní làpálàpá. Ìyá méjì ní àwọn náà ìbá sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti pín ọjọ́ tí oníkálukú yóò máa pè é láàárín ara wọn, ọ̀kan nínú wọn sì ní ọmọ tí ibi tó ń gbé kò jìnnà sí i.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ìyá wa gba fóònù lọ́wọ́ mi, tí wọ́n ní, "Ọmọ mi, fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ ná, máa sinmi." Àbúrò mi dákẹ́ pẹ́ títí. Nígbà tí ó máa sọ̀rọ̀, ó ní òun fẹ́ lọ sùn.