Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, ṣé kí n dá nìkan lọ Gánà?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà ni mo wà, mò ń ránṣọ nítòsí ọjà Àtàkúnmọ̀sà, mo fẹ́ lọ wo aṣọ kẹ́ńtè ní Gánà lóṣù tó ń bọ̀, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ fẹ́ lọ ti ní òun ò lọ mọ́. Mọ́mì mi ò fẹ́ gbọ́ rárá, lánàá wọ́n mú yẹ́lò káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára mi dání, wọ́n ń yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n ní "tí àìsàn bá dé ọ̀hún, ta ló máa pọnmi fún ẹ?" Ó wọ̀ mí lára gan-an.

Mo mọ̀ pé a ò nílò físà, ECOWAS fún wa ní 90 ọjọ́, àmọ́ mọ́tò ni mo máa wọ̀, bọ́dà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, Sẹ̀mẹ̀, Hillacondji àti Aflao, tí mo bá fẹ́ tọ̀ ńkọ́, ta ló máa bá mi di báàgì mú? Ṣùgbọ́n tí mo bá dá lọ, mo lè jókòó ti àwọn tó ń hun kẹ́ńtè ní Bonwire látàárọ̀ dalẹ́, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ó ti rẹ òun.

Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ ti dá rìn rí, ibo lẹ sùn? Báwo lẹ ṣe tọ́jú owó yín lọ́nà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.