Ẹ gbà mí o, bàbá àwọn ọmọ mi ò lè dá dìde lórí àga mọ́

Ìyá Ìbejì, Kubwa: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọjọ́ kẹrin rèé tí bàbá wọn ò lè dá dìde. Itan ń ro ó, èjìká ń ro ó, àfi kó fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún. Àbúrò rẹ̀ obìnrin wá láti Mararaba, ó ní wọ́n ti ta á ní nǹkan níbi iṣẹ́, ó sì jẹ ìrẹsì mi tán kó tó lọ. Mo fi àdí pa á lára títí, a gba abẹ́rẹ́ ibà, pàbó. Kí ni kí n ṣe?

Alhaja Nyanya: Ibà náà ni. Ẹ se dógóyárò.

Bọ̀dá Tádé: Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni ibà o. Nígbà tí ibà jẹ̀funjẹ̀fun dá ìfun mi lu, ẹ̀rọ ló ń bá mi mí fún ọjọ́ 19. Mo jí, mi ò lè gbé ṣíbí! Wọ́n ní àìsàn tó bá le tó bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ iṣan ara. Oṣù 5 ni mo fi kọ́ ìrìn.

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada: Oògùn wo ló ń lò?

Ìyá Ìbejì: Alhaja, ó ti mu dógóyárò.

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada: Oògùn ni mo bèèrè, ìyáàmi.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má jágbe mọ́ mi. Simvastatin 40 ni, ti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Ó ti lé lọ́dún méjì, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ọgbẹ́ inú ló yọ ọ́ lẹ́nu lọ́sẹ̀ tó kọjá, kẹ́mísì wa wá fún un ní oògùn oríṣi mẹ́ta. Clarithromycin wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada: Áà! Àwọn méjèèjì kì í pàdé. Clarithromycin kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ lọ simvastatin dànù, á wá pọ̀ lẹ́jẹ̀, á máa ba iṣan jẹ́. Ìtọ̀ rẹ̀ ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Bíi zóbò, láti àná. Mo rò pé kò mumi tó ni.

Nọ́ọ̀sì Gwagwalada: Iṣan tó ń bàjẹ́ nìyẹn, ó lè dí kíndìnrín. Ẹ gbé e lọ ibi ìtọ́jú pàjáwìrì báyìí, kó má lo ìkankan nínú méjèèjì lálẹ́ yìí. Ẹ kó gbogbo páálí oògùn dání, ẹ ní kí wọ́n yẹ CK, èròjà tí iṣan tó ń bàjẹ́ máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, àti kíndìnrín wò.

Alhaja Nyanya: Ẹ kọ́kọ́ fún un lómi àgbọn.

Bọ̀dá Tádé: Alhaja!

Ìyá Ìbejì: Mọ́tò ti dé. Ọkùnrin méjì ló gbé e wọlé. Ta ló wà nítòsí Kubwa tó lè bá mi wo àwọn ìbejì di òru?