Mo ti pé ọdún 45, mo fẹ́ padà sídìí eré kẹ̀kẹ́ orí òkè. Ṣé ẹ̀rù yìí máa ń lọ?

Ẹlẹ́ja Òkè-Ọ̀yìnbó

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó rẹ́rìn-ín.

Ẹja ni mò ń tà ní Ẹ̀pẹ́. Òbòkún, ẹ̀pìyà, àrọ̀ yíyan, pẹ̀lú kòtè inú fíríìsà fún ẹni tí owó rẹ̀ ò bá ká òbòkún. Ohun tí ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ò mọ̀ ni pé láàrin 2002 sí 2008, eléré kẹ̀kẹ́ ni mí ní Scotland. Kì í ṣe ti ojú títì o. Downhill ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ orí wáyà á gbé ìwọ àti kẹ̀kẹ́ rẹ gun òkè, aago á dún, wàá sì já wálẹ̀ láàrin àpáta, gbòǹgbò igi àti ẹrẹ̀. Oníkálùkù ló ń dá sá tirẹ̀, ìwọ àti aago lẹ jọ ń jà.

Abọ́ ni mò ń fọ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Fort William nígbà yẹn, kúùkù ibẹ̀ ló kọ́kọ́ yá mi ní kẹ̀kẹ́. Ojú ọ̀nà eré tó wà lára òkè Aonach Mòr níbẹ̀ gùn tó kìlómítà 2.8, orí rẹ̀ sì fi nǹkan bíi mítà 555 ga ju ìsàlẹ̀ lọ. Àwọn ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n sá jù láyé ń lò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin àtààbọ̀. Èmi, ọjọ́ tí orí mi pé jù, ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú àáyá 41. Mi ò gba ife kankan rí. Ipò kẹta ni mo ṣe lẹ́ẹ̀mejì, àwa obìnrin méje la sì sá a. Ní 2007 tí ìdíje àgbáyé wá sórí òkè wa, mo tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn, mo wo Sabrina Jonnier ará Faransé bó ṣe gbà á láàrin àwọn obìnrin. Mi ò lè sùn lóru ọjọ́ yẹn.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo ṣubú, níbi tí àpáta ti pọ̀ jù. Egungun tó so ọrùn mọ́ èjìká kán, egungun ìhà méjì sán. Gbogbo rẹ̀ jiná láàrin oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà síbẹ̀, bí mo bá ti ń sún mọ́ àpáta yẹn báyìí, ọwọ́ mi á ti di bíréèkì mú kí èmi gan-an tó mọ̀. Lọ́jọ́ kan, lójú eré, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ti kẹ̀kẹ́ kọjá níbẹ̀. Àwọn òǹwòran ń pàtẹ́wọ́ fún mi bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Àtẹ́wọ́ yẹn ló dùn mí jù. Mo ta kẹ̀kẹ́ náà, mo padà sílé. Mo sọ fún gbogbo ayé pé èjìká ló lé mi kúrò. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ni. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.

Wàyí o, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń sá a pè mí lórí fóònù. Eré kan ń bọ̀ lóṣù kẹjọ, ó ní ẹ̀ka obìnrin tó ti lé ní 40. Ó ní òun á yá mi ní kẹ̀kẹ́, kí n ṣáà gbé ara mi wá. Mo sọ fún màmá mi pé mo fẹ́ padà sídìí kẹ̀kẹ́. Wọ́n ní ṣé ẹja ò tà mọ́ ni mo fi fẹ́ máa wa Márúwá.

Níbo ni mo ti lè rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó nítumọ̀ fi dánra wò ní tòsí Ẹ̀pẹ́? Kí ló ti yí padà lára kẹ̀kẹ́ látìgbà náà? Èyí tó ká mi lára jù: ẹni tí ẹ̀rù bá ti lé kúrò nídìí nǹkan, ṣé ẹ̀rù yẹn máa ń fi í sílẹ̀?

Bàbá Onípákó

Ẹlẹ́ja, ẹ kú ọjà o. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni mo rò, mo ti ra àrọ̀ yíyan lọ́wọ́ yín rí, ó sì dùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ẹ̀rù tó bà yín yẹn, ẹ̀rù onílàákàyè ni. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Èmi fúnra mi jábọ́ láti orí igi ní 2015. Mi ò gun igi mọ́ látìgbà náà, kò sì sẹ́ni tó pè mí ní ojo. Bí ẹsẹ̀ bá kán lọ́hùn-ún, ta ni yóò dúró ti ìsọ̀? Mi ò ní kí ẹ má lọ o. Mo ní kí ẹ rò ó.

Ọ̀gá Sípánà, Ìkòròdú

Bàbá, ẹ ṣé o, àgbà ò ní tán nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èmi gba ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ wọlé, torí òun ni mo mọ̀. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ni mò ń tún ṣe ní Ṣábọ̀ọ́.

Àǹtí mi, kẹ̀kẹ́ tí ẹ fi sílẹ̀ kọ́ lẹ ó bá. Rímù íńṣì 26 lẹ lò. Báyìí, 29 ló wọ́pọ̀, tàbí 29 níwájú àti 27.5 lẹ́yìn. Rímù ńlá ń gorí àpáta tí kékeré ìgbà yẹn ì bá kọsẹ̀ lára rẹ̀. Hándùlù ti gùn tó mílímítà 800. Fọ́ọ̀kì iwájú na ẹsẹ̀ síwájú gan-an, kò rọrùn kó gbé yín kọjá hándùlù bíi ti àtijọ́. Táyà ò ní túùbù mọ́, omi funfun kan ni wọ́n ń dà sínú rẹ̀ tó ń dí ihò fúnra rẹ̀. Nínú ooru tiwa yìí omi náà máa ń tètè gbẹ, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó yá, ọ̀rọ̀ bíréèkì. Ẹ ní ọwọ́ yín ń di bíréèkì mú. Ìka mélòó? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé méjì tàbí mẹ́ta ni. Bíréèkì òde òní lágbára débi pé ìka kan ti tó. Ẹ tú nọ́ọ̀tì lífà, irin bíréèkì tí ìka ń fà, ẹ sún un sínú, kó jẹ́ pé ìka ìfábẹ̀lá nìkan ni ọwọ́ yín fi lè kàn án. Ìka yòókù, hándùlù ni kí wọ́n gbá mú. Ẹni tó bá fi gbogbo ọwọ́ fa bíréèkì lórí àpáta, kí ló wá kù tó fi di kẹ̀kẹ́ mú? Ìgbà míì, ohun tí ẹ ń pè ní ẹ̀rù, apá kan rẹ̀ lífà tí kò sí níbi tó yẹ ni. Mi ò ní gbogbo rẹ̀ o.

Nǹkan kejì, bí ẹ bá máa ra tòkunbọ̀ fi dánra wò: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ọ̀tún ló ń mú táyà iwájú. Kẹ̀kẹ́ tó bá ti Jámánì wá, ọwọ́ òsì ni. Ẹ bi ẹni tó ń tà á, bí kò bá mọ̀, ẹ gbé táyà iwájú sókè, ẹ yí i, ẹ fa lífà kan wò. Mo ti rí ọkùnrin tí kò béèrè. Eyín méjì.

Ẹ̀kẹta, epo inú bíréèkì. Ti Shimano, iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe bíréèkì, epo tí wọ́n ń pè ní mineral oil ni. Àwọn míì, DOT ni wọ́n ń lò bíi ti mọ́tò. Méjèèjì kì í bára wọn gbé. Oníbàárà kan gbé kẹ̀kẹ́ Shimano wá bá mi lóṣù tó kọjá, ẹnì kan ti bá a da epo bíréèkì ọ̀kadà sí i. Gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi. Lífà tuntun ló gbẹ̀yìn rẹ̀, owó tí ó yẹ kó fi san owó ilé ìwé ọmọ.

Ẹ wá sí Ìkòròdú. Mo ní kẹ̀kẹ́ kan nílẹ̀ tí mo lè yá yín. Ẹ ṣáà mú ẹja bọ̀.

Ọmọ Ìdànrè

Ẹ̀gbọ́n mi, Ẹ̀pẹ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ o, ṣùgbọ́n kí èèyàn tó sọ pé "Ọlọ́run mi", ó ti dé etí ọ̀sà. Ó dáa fún kíkọ́ bíréèkì. Bí ẹ bá fẹ́ àpáta, ẹ máa bọ̀ ní Ìdànrè. Mi ò sọ pé kí ẹ fi kẹ̀kẹ́ sọ̀ lórí àtẹ̀gùn tí àwọn àlejò ń gùn o, ibi àjogúnbá ni ibẹ̀. Ọ̀nà oko kòkó ni mò ń wí, èyí tó ń gba ẹsẹ̀ àpáta kọjá. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ olóko. Bí àpáta wa bá gbẹ, ó ń di táyà mú bí àtè. Bí òjò bá rọ̀ sí i, ọṣẹ ni.

Lórí ọjọ́ orí, ẹ wo Greg Minnaar, ọmọ ilẹ̀ South Africa. Ní 2021, ní Val di Sole ní Ítálì, ó gba ìdíje àgbáyé downhill nígbà kẹrin, nígbà tó ku oṣù díẹ̀ kó pé ẹni 40 ọdún. Ṣùgbọ́n òun ò fìgbà kan pa á tì. Ẹni tó jọ yín ni Missy Giove ará Amẹ́ríkà. Ó ṣe ipò kìíní lágbàáyé ní Vail ní 1994, ó wá fẹ̀yìn tì. Nígbà tó di 2015, ọmọ ọdún 43, ó tún gbé kẹ̀kẹ́ wá síbi ìdíje Ife Àgbáyé ní Windham. Kò gbà á, ó sì dà bíi pé kì í ṣe torí pé kó lè gbà á ló ṣe wá.

Obìnrin yìí kan náà, nígbà tó ń gba ife kiri, òkú ẹja piranha tó ti fi ṣe ohun ọ̀sìn ló máa ń so mọ́ ọrùn sá eré. Ẹ̀yin ẹlẹ́ja, oògùn ti wà lórí àtẹ yín.

Ẹlẹ́ja Òkè-Ọ̀yìnbó

Òkú òbòkún lọ́rùn mi kẹ̀? Ológbò á lé mi dé Scotland.

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo gba ọ̀nà Ìtóìkín lọ sí Ìkòròdú lọ́jọ́rú, mo gbé kẹ̀kẹ́ náà bọ̀. Àárọ̀ Sunday, aago mẹ́fà, kí ọjà tó kún, mo gbé e dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí etí omi. Mo wọ hẹ́lúmẹ́ẹ̀tì ọ̀kadà àbúrò mi, ó ń rùn.

Ìgbà àkọ́kọ́, mo di bíréèkì mú láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òórùn bíréèkì gba gbogbo àdúgbò. Ìgbà kejì, bákan náà. Kí n tó lọ nígbà kẹta mo jókòó sílẹ̀, mo sún lífà méjèèjì wọnú bí Ọ̀gá ṣe sọ. Ó rí bákan, ó dà bíi pé wọ́n gba ọ̀pá lọ́wọ́ arọ. Mo tú u sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ yẹn kọlu ojú mi, omi jáde lójú mi, ìyá alákàrà pariwo pé, "Ìyá Ẹlẹ́ja, ta ló ń lé yín?" Ewúrẹ́ kan sì yọ.

Mo fa ọwọ́ òsì bí mo ṣe máa ń ṣe ní ayé ọjọ́sí, kí n lè rọra mú táyà ẹ̀yìn. Jámánì! Táyà iwájú ló dúró, ìdí kẹ̀kẹ́ gbéra nílẹ̀. Mo tú ìka yẹn sílẹ̀, ó padà balẹ̀, mo gba ẹ̀yìn ewúrẹ́ kọjá. Mi ò ṣubú. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n títí mo fi ta páálí kòtè méjì.

Ohun tí mo kíyè sí nìyí: ewúrẹ́ ni mo bẹ̀rù, mi ò bẹ̀rù òkè. Mo ti gbàgbé pé wọ́n yàtọ̀ síra. Ewúrẹ́ yọ, ẹ̀rù bà mí, ó tán. Ti àpáta Fort William yẹn, àtòkè ni mo ti máa ń gbé e bọ̀. Bóyá yóò ṣì wà níbẹ̀ lóṣù kẹjọ, mi ò lè sọ. Etí ọ̀sà ò ní àpáta tí mo lè fi bi í.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀dẹ̀

Ẹ kú ewu ewúrẹ́ o. Díẹ̀ ni mo ní. Obìnrin tó bá ń sún mọ́ ìgbà tí nǹkan oṣù ń dáwọ́ dúró, egungun rẹ̀ máa ń fúyẹ́ sí i, ó sì máa ń yára bí ó bá ti dúró tán. Gbígbé nǹkan tó wúwo ń ran egungun lọ́wọ́. Páálí kòtè tí ẹ ń gbé yẹn kì í ṣe ìyà lásán, ẹ kàn máa tẹ orúnkún gbé e, ẹ má fi ẹ̀yìn gbé e. Ẹ fún ọrùn àti ọrùn ọwọ́ náà ní iṣẹ́ ṣe.

Bí orí bá fi lè gbá nǹkan, ẹ má gun kẹ̀kẹ́ mọ́ lọ́jọ́ yẹn, bí ẹ tilẹ̀ rò pé kò sí nǹkan tó ṣe yín. Hẹ́lúmẹ́ẹ̀tì náà di ohun àṣàtì. Ti ọ̀kadà yẹn, ẹ dá a padà fún àbúrò yín, ẹ wá èyí tí wọ́n ṣe fún eré yìí tó bo àgbọ̀n.

Bàbá Onípákó

Ẹlẹ́ja, mo ka ti ewúrẹ́ fún ìyàwó mi, ó ní ìyá alákàrà ti ròyìn rẹ̀ fún òun lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ ti di ìròyìn.

Ọkàn mi ò tíì kúrò níbi tí mo fi sí. Ṣùgbọ́n mo ní píkọ́ọ̀pù, mo sì ń lọ gbé pákó ní ọ̀nà Oǹdó lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ṣófo ní lílọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí n já yín sí Ìdànrè kí n sì gbé yín ní bíbọ̀ lọ́jọ́ kejì, aago márùn-ún àárọ̀ ni mo ń gbéra. Mi ò ní dúró wò yín o. Mo kan máa já yín sílẹ̀ ni.

Ẹlẹ́ja Òkè-Ọ̀yìnbó

Bàbá, ẹ kú inúure. Aago márùn-ún kò ní bá mi lórí ibùsùn. Àrọ̀ mélòó ni màmá wa ń fẹ́?

Ọ̀gá Sípánà, Ìkòròdú

Bàbá, ẹ má ṣe dojú kẹ̀kẹ́ náà délẹ̀ nínú píkọ́ọ̀pù o. Atẹ́gùn lè bá bẹ́ẹ̀ wọ inú epo bíréèkì. Ẹ jẹ́ kó dúró lórí táyà rẹ̀, ẹ fi okùn dè é. Àǹtí, kí ẹ tó gùn ún, ẹ fún lífà wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bó bá rọ̀ bíi kàn-ìn-kàn-ìn, ẹ pè mí.