Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ dá sí i: báwo ni àhesọ ṣe bo ikú MohBad mọ́lẹ̀?

Ọmọ Ìta Ẹlẹ́wà
Ẹ kú ìrọ́jú o. Ní 12 oṣù Kẹsàn-án 2023 ni Ilerioluwa Aloba, MohBad olórin wa, jáde láyé lẹ́ni ọdún 27. Títí di òní ni fídíò tuntun ń jáde. Ọ̀kan ní májèlé ni, ọ̀kan ní wọ́n ṣẹ́ ẹ lọ́rùn, ọ̀kan ní kò tilẹ̀ kú. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ òkú, iṣẹ́ abẹ́rẹ́, òfin àti fídíò sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀, kẹ́ ẹ fi ibi tí irọ́ ti ń wọlé hàn wá. Ẹ má ṣe dárúkọ ẹnikẹ́ni pé òun ló pa á. Ẹ jọ̀ọ́.

Alága Mọ́ṣúárì
Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lórí ohun táwọn èèyàn ń yà sí fóònù tí wọ́n ń pè ní ẹ̀rí. Àpá dúdú-pupa tó máa ń hàn lẹ́yìn, lọ́rùn àti nídìí òkú, ẹ̀jẹ̀ ni. Tí ọkàn bá ti dákẹ́, ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀ síbi tó rẹlẹ̀ jù lára. Láàárín wákàtí kan sí méjì á ti máa hàn, tó bá fi máa tó wákàtí 8 sí 12, ó ti jókòó síbẹ̀ nìyẹn, ẹ yí òkú padà, kò ní kúrò mọ́. Ẹni tí kò mọ̀ á ní wọ́n lù ú ni. Ibi tí ara ti tẹ pákó, ibẹ̀ á funfun nítorí ẹ̀jẹ̀ ò ráyè wọ̀ ọ́, wọ́n á tún ní ojú okùn nìyẹn. Omi pupa tó ń jáde nímú àti lẹ́nu, afẹ́fẹ́ inú ikùn tó ń jẹrà ló ń tì í síta, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú májèlé. Ti ọrùn wá ńkọ́? Òkú máa ń gan. Àgbọ̀n ló ń kọ́kọ́ gan, ní wákàtí 2 sí 4, gbogbo ara á gan tó bá tó bíi wákàtí 12, lẹ́yìn náà á tún dẹ̀. Nínú ooru tiwa yìí, kì í pẹ́ dẹ̀. Bó bá ti dẹ̀ báyìí, ibi tẹ́ ẹ bá gbé orí sí ló máa yí sí. Ọrùn tó ṣẹ́, X-ray àti ọ̀bẹ onímọ̀ la fi ń wá a. Fídíò ò lè fi í hàn.

Tọ́lá B.
Ti ọrùn yìí ló pọ̀ jù lórí TikTok. Ẹ ṣé, sà.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti òkú, ẹ jẹ́ kí n sọ ti abẹ́rẹ́. Ọlọ́pàá sọ nígbà náà pé nọ́ọ̀sì kan tí kò níwèé-àṣẹ ló gún un lábẹ́rẹ́ kó tó kú. Èèyàn rò pé abẹ́rẹ́ ò lè pani àyàfi tí wọ́n bá fi májèlé sí i. Bẹ́ẹ̀ oògùn tó dáa gan-an, bíi pẹnisilíìnì tàbí ceftriaxone, ara ẹlòmíì lè kọ̀ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 30. Ara á máa yún un, ètè àti ahọ́n á wú, èémí á máa ṣòro fún un, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á já wálẹ̀, á dákú. Ohun tó ń gbani là níbẹ̀ ni adirenalíìnì: mílígíráàmù 0.5 fún àgbàlagbà, ìyẹn ìdajì mílílítà nínú ìgò tó ní 1 mg nínú 1 ml, ẹ gún un sí ẹ̀gbẹ́ itan, nínú ẹran. Bí kò bá tíì dáa lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, ẹ tún un gún. Ẹ dá a dùbúlẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Bí èémí ló ń dà á láàmú jù, ẹ jẹ́ kó jókòó. Ẹ má jẹ́ kó dìde dúró lójijì. Hydrocortisone àti Piriton tí àwọn èèyàn máa ń sáré gbé, ẹ̀yìn adirenalíìnì ni wọ́n ń wá. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbabẹ́rẹ́ nínú ilé tí kò ti sí adirenalíìnì nítòsí.

Ṣẹ́gun_Ọ̀bẹ
Àǹtí, mo gbọ́ yín, àmọ́ kò wọ̀ mí létí. Bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́, kí ló dé tí dókítà òkú ò rí i? Wọ́n ṣáà hú òkú náà jáde.

Láàbù Ìlọ́pèéjù
Ṣẹ́gun, ìbéèrè gidi lo bi. Dókítà òkú sọ níwájú adájọ́ pé òun ò lè sọ ní pàtó ohun tó pa á nítorí pé ara ti jẹrà, àmọ́ òun ò lè yọ ti oògùn tí wọ́n fún un kúrò. 13 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n sin ín, 21 ni wọ́n hú u. Ọjọ́ mẹ́jọ nínú ilẹ̀ Ìkòròdú, lásìkò òjò! Ara tó kọ oògùn kì í sábà fi àmì sílẹ̀ tí ojú lásán lè rí. Ohun tó wà láti fi wá a ni èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ tryptase, èyí sì dáa kí wọ́n gbà á láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ kan tàbí méjì. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, kí la fẹ́ gbẹ́kẹ̀ lé níbẹ̀?

Nípa májèlé fúnra rẹ̀, ohun tó yẹ kí wọ́n gbà lára òkú tuntun rèé: ẹ̀jẹ̀ láti iṣan itan, 10 sí 20 mílílítà, nínú ìgò olórí eérú tó ní sodium fluoride (ẹ má gba ti inú ọkàn nìkan, oògùn máa ń ṣàn padà sínú ẹ̀ láti inú ikùn àti ẹ̀dọ̀fóró, iye tó máa hàn á ju bó ṣe yẹ lọ), omi inú ẹyinjú, bíi mílílítà 2 ní ojú kọ̀ọ̀kan, ìtọ̀, ohun tó wà nínú ikùn, ẹ̀dọ̀, bíi gíráàmù 100. Gbogbo rẹ̀ sínú yìnyín. Fọ́málíìnì ò gbọ́dọ̀ kàn án kí wọ́n tó gbà á, torí ó máa ń ba ọ̀pọ̀ oògùn jẹ́. Bí òkú bá sì ti jẹrà, kòkòrò inú ara á máa pọn ọtí fúnra rẹ̀. Àyẹ̀wò á ní ọtí wà nínú ẹ̀jẹ̀, ayé á ní ó mutí yó kú.

Ṣẹ́gun_Ọ̀bẹ
Hẹ̀n. Mo gba ti ọjọ́ mẹ́jọ yẹn. Ta ló wá ní kí wọ́n sáré sin ín? Ibẹ̀ gan-an ni mò ń lọ.

Ìyá Àdùkẹ́ Abẹ́òkúta
Ọmọ mi, má fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí. Òkú ọ̀fọ̀ ni. Láyé bàbá wa, ọ̀dọ́ tó bá kú lójijì tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé, wọn kì í gbé e pamọ́, wọn kì í ṣe ayẹyẹ fún un. Ọjọ́ náà tàbí ọjọ́ kejì ni wọ́n ń sin ín, òbí kì í sì fojú kan sàréè rẹ̀. Mùsùlùmí náà ń sin òkú kíákíá. Àṣà ni, kì í ṣe ìwà ọ̀daràn. Ẹni tó bá ti rí òbí tó pàdánù ọmọ á mọ̀ pé ojú ò tiẹ̀ ríran lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́yà Ìgbógbó
Ìyá wa, ẹ kú àlàyé. Mo bọ̀wọ̀ fún àṣà, àmọ́ òfin Èkó ti yà sọ́tọ̀ lórí èyí láti 2007, nígbà tí wọ́n ṣe òfin kòrónà (ẹ má rò pé àìsàn 2020 ni mò ń wí, adájọ́ tó ń wádìí ikú ni kòrónà). Ikú òjijì, ikú tí kò mọ́ni lọ́kàn, ikú ọwọ́ onísègùn, ikú àtìmọ́lé: ẹni tó bá wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó kòrónà tàbí àgọ́ ọlọ́pàá tó wà nítòsí létí kí wọ́n tó gbé òkú kúrò. Kòrónà ló máa pàṣẹ àyẹ̀wò. Màjísíréètì ni kòrónà àdúgbò. Ta ló kú, níbo, nígbà wo, báwo: iṣẹ́ tiẹ̀ nìyẹn. Kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ọ̀daràn.

Ti MohBad, Màjísíréètì Adedayo Shotobi ló jókòó lé e lórí ní Ìkòròdú. Ìdájọ́ jáde ní oṣù Keje 2025, ó sì dámọ̀ràn kí wọ́n gbé nọ́ọ̀sì náà lọ sílé ẹjọ́ lórí àìbìkítà. Ìdámọ̀ràn ni, ẹ gbọ́ mi yé. Ẹni náà ṣì ní ẹ̀tọ́ láti gbèjà ara rẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó ń ṣe fídíò lórí ọ̀rọ̀ yìí, mélòó ló ti tẹ́tí sí ìdájọ́ náà? Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn.

Kúnlé Peckham
Níbí ní Ìlú Ọba, ẹ ò lè sinkú láìsí ìwé aláwọ̀ ewé láti ọ̀dọ̀ akọ̀wé ikú, tàbí àṣẹ kòrónà. Alábòójútó itẹ́ òkú máa gba ìwé náà lọ́wọ́ yín kó tó gbẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá fi irú rẹ̀ lélẹ̀ ní gbogbo itẹ́ òkú Èkó, wàhálà á dín kù.

Ìyá Àdùkẹ́ Abẹ́òkúta
Kúnlé, ẹ̀yìnkùlé ilé bàbá ni àwa ń sin òkú sí. Ta ló máa gbàwé níbẹ̀?

Lọ́yà Ìgbógbó
Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà, Ìyá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Àwòrán
Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí fídíò àti "ẹni tó ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀". Ẹ̀tàn mẹ́ta ló pọ̀ jù.

Ẹ̀tàn àkókò. Èkó ṣáájú Houston ní wákàtí mẹ́fà nínú oṣù Kẹsàn-án. Ohun tí wọ́n gbé jáde ní Èkó ní aago kan òru ọjọ́ 13, aago méje alẹ́ ọjọ́ 12 ni fóònù ará Houston máa fi hàn. Á ya sikirínṣọ́ọ̀tì, á ní wọ́n ti kéde rẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀. Lóǹdọ́ọ̀nù, kò sí ìyàtọ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án, ìdí nìyẹn tí ariwo yìí fi ń wá láti Amẹ́ríkà ju Ìlú Ọba lọ.

Ẹ̀tàn àtúnṣe. Lórí Facebook, ẹnì kan lè ṣí ọ̀rọ̀ tó kọ lóṣù Kìíní, kó pa "Ẹ kú ọdún tuntun" rẹ́, kó kọ "Mo rí ìràwọ̀ olórin kan tó já", ọjọ́ àtijọ́ ló ṣì máa wà lókè. Ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta, ẹ wá ìtàn àtúnṣe ibẹ̀. YouTube náà rí bẹ́ẹ̀: àkòrí á yí, ọjọ́ kò ní yí, òun kò sì ní ìtàn àtúnṣe tí gbogbo èèyàn lè rí. Àwọn mìíràn á sọ àsọtẹ́lẹ̀ ogún lọ́dún, wọ́n á pa mọ́kàndínlógún rẹ́.

Ẹ̀tàn fídíò àtijọ́. Ẹ yọ fọ́tò mẹ́ta sí mẹ́rin nínú fídíò náà, níbi tí pátákó, nọ́ńbà ọkọ̀ tàbí ojú ti hàn, ẹ fi wọ́n sí Google Lens, lẹ́yìn náà Yandex. InVID lè yọ fọ́tò náà fún yín. Bí lẹ́tà ara aṣọ bá ń kà sẹ́yìn, wọ́n ti yí i bíi ti inú dígí kí Lens má bàa dá a mọ̀. Ẹ yí i padà kẹ́ ẹ tó wá a. Èyí tó gba WhatsApp wá, ẹ má wulẹ̀ wá ọjọ́ tí wọ́n yà á nínú rẹ̀, WhatsApp ti yọ ọ́ dànù.

Tọ́lá B.
Ti Facebook yìí!!! Mi ò mọ̀ rárá.

Bàbá Aláfijiọ̀
Ẹ ń pè é ní nǹkan tuntun. Ayinla Omowura kú ní 6 oṣù Karùn-ún 1980 ní Abẹ́òkúta, ife ọtí ni wọ́n là mọ́ ọn lórí nínú ìjà, ó ṣojú ọ̀pọ̀ èèyàn, síbẹ̀ ayé ní ọwọ́ ẹlòmíì wà nínú rẹ̀. Abíọ́lá kú ní 7 oṣù Keje 1998, àwọn dókítà láti òkè òkun yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n ní àrùn ọkàn ni, tíì tí wọ́n ní májèlé wà nínú rẹ̀ ni gbogbo ọjà ń pariwo títí dòní. Dagrin náà ńkọ́? Ọkọ̀ rẹ̀ wọ ẹ̀yìn tírélà ní Mushin ní 14 oṣù Kẹrin 2010, ó kú ní ilé ìwòsàn LUTH ní ọjọ́ 22. Ẹni tó kọrin nípa ikú ni, wọ́n ní ó mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ṣẹ́gun_Ọ̀bẹ
Bàbá, olórin wo ni kì í kọrin nípa ikú? Ẹ ti yí mi lọ́kàn padà díẹ̀.

Awo Ọ̀ṣogbo
Ẹ dákun, mo fẹ́ sọ ti àwọn tó ń dífá lórí TikTok pé àwọn rí apànìyàn. Bí a bá ju ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, odù ló ń jáde, odù sì ní orúkọ. A ó dárúkọ rẹ̀, a ó ki ẹsẹ rẹ̀, a ó wá fi ìbò bèèrè: owó ẹyọ lápá kan, egungun lápá kejì. Ìbò máa sọ ire tàbí ibi, ó lè sọ irú ibi tó jẹ́. Ẹni tí kò dárúkọ odù, tí mọ̀lẹ́bí ò bẹ̀ níṣẹ́, tó kàn já sí orúkọ ẹnì kan, kì í ṣe Ifá ló dá. Ẹ bi í pé: odù wo? Bó bá dákẹ́, ẹ kọjá.

Jọkẹ́
Ti ríro òkú tí wọ́n ní wọ́n ṣe ńkọ́? Àti àyẹ̀wò DNA ọmọ MohBad, láti mọ bàbá rẹ̀?

Láàbù Ìlọ́pèéjù
Ti DNA, owú la ń fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ nínú, iṣẹ́ díẹ̀ ni. Àmọ́ ilé ẹjọ́ tàbí òbí ọmọ ló ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè rẹ̀, kò sì ní sọ ohun tó pa ẹnikẹ́ni. Ọmọ kékeré ni, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú fídíò yín.

Awo Ọ̀ṣogbo
Ti ríro òkú, ẹbí ló ń ro òkú, wọn kì í sì í pe kámẹ́rà sí i.

Ọmọ Ìta Ẹlẹ́wà
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ó ku ẹyọ kan: bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ nílé ẹnikẹ́ni, kí ni kí wọ́n gbá mú kó tó sọnù?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Ìgò oògùn àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n lò. Wọ́n sábà máa ń gbá a mọ́ pàǹtí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ má fọ̀ ọ́. Abẹ́rẹ́ sínú ike líle tó ní ìdérí kó má gún ẹnikẹ́ni, ìgò sínú báàgì bébà. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà NAFDAC, nọ́ńbà bááṣì, ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Ẹ kọ aago tí wọ́n gún abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, àti aago tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà.

Láàbù Ìlọ́pèéjù
Ẹ fi ìyókù oògùn tó wà nínú ìgò sínú fíríìjì, kì í ṣe fírísà. Ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ yín, kó buwọ́ lùwé, kó kọ ọjọ́ àti aago sí i.