Ìmọ̀ràn: ǹjẹ́ RAM tó yára sí i lè mú kí géèmù PS2 lọ geere lórí láptọ́ọ̀pù?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ. Láptọ́ọ̀pù mi ní processor Ryzen 5 5500U. RAM rẹ̀ jẹ́ DDR4, ẹyọ 8 GB kan ṣoṣo tó ń sáré ní 2666, kò sì ní káàdì àwòrán kankan yàtọ̀ sí GPU tó wà nínú processor náà. PCSX2, ìyẹn emulator (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe bíi PS2), ni mo fi ń gbá àwọn géèmù PS2 tí mo ní díìsìkì wọn. Pro Evolution Soccer máa ń lọ láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n tí mo bá gbé resolution God of War II sí ìlọ́po mẹ́ta, ńṣe ló máa ń falẹ̀ débi pé ohùn rẹ̀ á máa já. Ẹni tí mo lọ bá ní ṣọ́ọ̀bù sọ pé kí n yọ RAM tó wà níbẹ̀, kí n fi ẹyọ 8 GB tó ń sáré ní 3200 rọ́pò rẹ̀. Ṣé ìyára yẹn lè yanjú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́? Mo tún ní in lọ́kàn láti gbìyànjú RPCS3, emulator ti PS3, tó bá yá.

Atúnṣe Ìkẹjà
Àbúrò, má tíì náwó. Processor ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ emulator. Àṣẹ MIPS ni Emotion Engine, ìyẹn processor inú PS2, gbọ́, àṣẹ x86 sì ni processor tìrẹ gbọ́, nítorí náà PCSX2 gbọ́dọ̀ máa tú àṣẹ géèmù láti ọ̀kan sí èkejì lójú ẹsẹ̀, kí ó sì tọ́jú èyí tó ti tú kí ó má bàa tún un tú. Ohun tí processor ń lò lemọ́lemọ́ báyìí, inú cache, ibi ìpamọ́ kékeré tó yára tó wà lára rẹ̀, ló ti ń mú un. Ìgbà tí kò bá rí i níbẹ̀ ló tó ń lọ sí RAM.

Nígbà tó bá sì lọ sí RAM, ohun tó ń dá a dúró ni iye àsìkò tí RAM ń lò kí ó tó dáhùn. RAM láptọ́ọ̀pù 2666 tó wọ́pọ̀ lọ́jà jẹ́ CL19, ti 3200 sì jẹ́ CL22 (CL ni iye ìgbésẹ̀ tí RAM ń gbé kí ó tó dáhùn). Bí o bá ṣírò rẹ̀, èyí àkọ́kọ́ ń gba nanosecond 14.25, èkejì ń gba 13.75. Ìdajì nanosecond péré ni wọ́n fi ju ara wọn lọ. Tún wo PS2 fúnra rẹ̀: RAM rẹ̀ kò ju 32 MB lọ, ohun tó sì lè gba inú rẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan jẹ́ 3.2 GB, nígbà tí ẹyọ kan tó wà nínú láptọ́ọ̀pù rẹ ń gbé 21.3 GB. Ní tèmi o, RAM kọ́ ni ìṣòro rẹ.

Ìyá Ẹ̀rọ
Mo fara mọ́ ohun tí Atúnṣe sọ nípa processor, àmọ́ ó fo ohun tó ṣe kókó jù lọ nínú ọ̀rọ̀ ọmọ yìí. Láptọ́ọ̀pù náà kò ní káàdì àwòrán. GPU inú 5500U kò ní ibi ìpamọ́ tirẹ̀. RAM kan náà tí processor ń lò ni òun náà ń lò, 21.3 GB yẹn ni àwọn méjèèjì sì ń pín.

Àwòrán PS2 kì í sì í ṣe inú 32 MB yẹn ló ti ń wá tán. Graphics Synthesizer, èyí tó ń ya àwòrán nínú PS2, ní 4 MB tí wọ́n kọ́ mọ́ ara rẹ̀, ohun tó sì lè gba ibẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan jẹ́ 48 GB. Àwọn tó ṣe géèmù fún un mọ̀ pé ọ̀nà yẹn fẹ̀, wọ́n sì lò ó dáadáa: wọ́n á kun èéfín lé iná, wọ́n á kun ìmọ́lẹ̀ lé èéfín, wọ́n á tún padà kun ojú àwòrán kan náà léraléra kí ó tó hàn sí wa. Iṣẹ́ yẹn ni PCSX2 gbé fún GPU rẹ. Ní ìlọ́po mẹ́ta tí o gbé e sí, ìlọ́po mẹ́ta ni ìbú, ìlọ́po mẹ́ta ni gíga, nítorí náà pixel tó gbọ́dọ̀ kùn ti di ìlọ́po mẹ́sàn-án.

Nítorí náà, bí ọ̀nà RAM ṣe fẹ̀ tó kàn ọ́ gbọ̀ngbọ̀n, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ṣe sọ ọ́. Ẹyọ 3200 kan ṣoṣo yóò gbé ọ dé 25.6 GB. Ẹyọ 2666 méjì tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní dual channel, yóò gbé ọ dé 42.7 GB. Ẹyọ kejì ni kí o wá, má yọ ti àkọ́kọ́ sọnù. Àwọn tó ń ṣe processor gan-an mọ pàtàkì rẹ̀: láptọ́ọ̀pù Intel tó yẹ kó ní GPU Iris Xe, tí RAM rẹ̀ bá jẹ́ ẹyọ kan, UHD Graphics, orúkọ GPU tó rẹlẹ̀ sí i, ni Windows máa kọ síbẹ̀.

Kí o tó ra ohunkóhun, ṣe àyẹ̀wò yìí. Ṣí Task Manager, lọ sí Performance, kí o tẹ Memory. Wàá rí ìyára RAM àti iye ojú ihò tí wọ́n ti lò. Lẹ́yìn náà, dá resolution géèmù náà padà sí Native (ìwọ̀n ti PS2 fúnra rẹ̀) nínú PCSX2, kí o sì padà sí ibi tó ti ń falẹ̀ gan-an. Tí ìyára géèmù náà bá dé 100%, GPU àti ọ̀nà RAM ló há. Tí kò bá yí padà, processor ni, RAM kankan kò sì lè gbà ọ́.

Ọ̀rẹ́ Dolphin
Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Tí ẹ bá ra RAM DDR4 tí wọ́n kọ 3200 tàbí 3600 sí lára, tí ẹ kò sì wọ inú BIOS lọ tan XMP (ètò tó ń jẹ́ kí RAM sáré dé ìyára tí wọ́n kọ sí i lára), ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 2133 tàbí 2400 ló ń sáré. Lórí Ryzen, ọ̀nà tó so àwọn ẹ̀yà inú processor pọ̀ máa ń bá RAM rìn, nítorí náà RAM tó ń fà máa ń fa ìyẹn náà sẹ́yìn. Ẹ tan án kí ẹ tó ronú àtira òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní káàdì àwòrán tirẹ̀, tí XMP rẹ̀ sì ti wà ní títàn, kí ó fi owó RAM pamọ́ de processor tí core rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lágbára, pàápàá fún Dolphin, emulator ti GameCube àti Wii.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ ṣé gan-an, màmá, ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ṣe àyẹ̀wò náà. Ojú ihò méjì ló wà, ẹyọ kan ni wọ́n lò. Ní Native, ibi tí géèmù náà ti máa ń ku sí 70% dúró sí 100% láìmì. Ní ìlọ́po méjì, ó ń lọ sókè sódò díẹ̀. Ṣé kí n wá 2666 tàbí 3200? RPCS3 ńkọ́?

Atúnṣe Ìkẹjà
Àyẹ̀wò rẹ fi hàn pé Ìyá Ẹ̀rọ ló tọ̀nà lórí láptọ́ọ̀pù yìí. Èyíkéyìí nínú méjèèjì yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tí o bá fi 3200 sí ẹ̀gbẹ́ 2666, 2666 ni àwọn méjèèjì máa sáré. Èyí tí owó rẹ̀ kéré ni kí o mú, kó sáà jẹ́ 8 GB kí méjèèjì lè dọ́gba.

Ìyá Ẹ̀rọ
Ní ti RPCS3, àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn dámọ̀ràn dual channel, 16 GB náà yóò sì wúlò, torí pé GPU rẹ ń bù nínú 8 GB yẹn kí Windows àti emulator tó pín ìyókù. Àmọ́ má retí púpọ̀. Cell, ìyẹn processor tó wà nínú PS3, ní SPE (core kéékèèké) mẹ́fà tí géèmù lè lò lẹ́ẹ̀kan náà, yàtọ̀ sí core ńlá rẹ̀, processor tó sì ń lo nǹkan bí 15 W nínú láptọ́ọ̀pù kò ní lè gbé gbogbo wọn. Géèmù PS3 tó fúyẹ́ ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá ń dúró díẹ̀díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tó o dé ibì kan, emulator náà ló ń to shader, ìyẹn àwọn ètò kéékèèké tí GPU fi ń ya àwòrán, RAM kọ́ ló fà á.

Nígbà tí o bá lọ rà á, sọ pé DDR4 SODIMM (irú ti láptọ́ọ̀pù) lo fẹ́, kí o sì yẹ ara rẹ̀ wò kí o rí 1.2 V. Èyí tí wọ́n kọ 1.35 V àti PC3L sí jẹ́ DDR3L, kò sì lè wọ ojú ihò rẹ.